Àpótí Aṣọ Màmá: Àkọsílẹ̀ Ọmọ Ọlọ́jọ́ Márùn-ún Kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹni tó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ò kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò gba ọmú mọ́ láti òru. Ó kàn ń sùn ṣáá ni." Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó ní Ọjọ́rú. Ọmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún tí kò fẹ́ mu ọmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń jókòó mu ẹ̀kọ tán kó tó dìde sí. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo dá ọ̀kadà dúró.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn ọmọ ọwọ́, kí n máa gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ní Ìkọ̀lé àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìyá ọmọ yìí ò pa ọjọ́ ìpàdé aboyún jẹ rí. Ilé ìwòsàn ló bímọ sí, ọmọ náà wọn kílò mẹ́ta lé díẹ̀, ó ké, ó tọ̀, ó mu ọmú. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Orúkọ wọn àti àdúgbò wọn nìkan ni mo yọ kúrò.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi ìwẹ̀ ti gbóná. Màmá, ìyá tó bí ìyá ọmọ, ti jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀lù funfun, agbọ̀n ìwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Nọ́ọ̀sì mi, káàbọ̀. Ojú ọmọ ló pọ́n díẹ̀. Oòrùn ló máa gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é."

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe tú ṣọ́ọ̀lù báyìí ni òórùn kan ta mí nímú débi tí ojú mi fẹ́ẹ̀ẹ́ ṣomi: kánfọ̀. Lábẹ́ òórùn kánfọ̀ yẹn, òmíràn tún wà, tó tutù, tó ń ta, bí ìgbà tí wọ́n bá fi róòbù para ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Mo gbé ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí rẹ̀, mo gbé e kúrò. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ibi tí èèyàn tẹ̀ máa ń ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó sáré padà síbẹ̀. Ti ọmọ yìí, àwọ̀ ìyeyè ló yọ sí mi. Mo tẹ àyà, ìyeyè. Mo tẹ ikùn, ìyeyè. Mo wá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, òun náà ìyeyè. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń le sí i. Tó bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í béèrè ìbéèrè kejì. Wọ́n ká nápíìnì tó lò lóru sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìtọ̀ ti mú un ní àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta wọ́n gbé e sóòrùn, wọ́n fún un ní omi gúlúkóòsì. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n rẹ ìbẹ́pẹ dúdú sómi fún un, ẹlòmíì gbé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kó ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn kúrò. Nípa oòrùn, kí n má parọ́, ìmọ́lẹ̀ ló ń wo àìsàn náà lóòótọ́. Ní Èkó, àwọn dókítà ti dán an wò pẹ̀lú àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, ọ̀rá tó ń sé ìtànṣán burúkú mọ́ ìta tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé; èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, ó sì dára. Àmọ́ wákàtí púpọ̀ làwọn ọmọ yẹn ń lò lábẹ́ rẹ̀ lójúmọ́, tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ní kí wọ́n bọ́ gbogbo ohun tó wà lára ọmọ, kí ìyá rẹ̀ fi ìró tó wà lára òun fúnra rẹ̀ wé e mọ́ àyà. A gba Ọ̀yẹ́, a gba Ìfàkì, ìyá ń fún ọmú sínú ṣíbí, ó ń rọra dà á sí ọmọ lẹ́nu. Kí a tó dé ilé ìwòsàn ńlá, ọmọ náà sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹkún tó tínrín tó sì lọ sókè bí ohùn ológbò. Mi ò fẹ́ràn ẹkún yẹn rárá.

Láàbù gbé èsì jáde: bilirubin, ìyẹn ohun tó ń mú ojú pọ́n, jẹ́ 24.6 mílígíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 31, nígbà tó yẹ kí ti ọmọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó 45 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ O, tọmọ jẹ́ O, Rhesus wọn bára mu, nítorí náà kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ń bá tọmọ jà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ yìí ń fọ́ nínú ara rẹ̀ ni, bilirubin sì ni pàǹtírí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́. Bó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lẹ́yìn ìyẹn lè má gbọ́ràn mọ́, ọrùn rẹ̀ lè má dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbé e. Mo mọ irú wọn mẹ́ta láàárín ìlú yìí, àwọn ìyá wọn ṣì ń gbé wọn lọ sí ilé àdúrà.

Dókítà obìnrin tó gba ọmọ náà tẹ̀ ba, ó gbóòórùn àtàrí rẹ̀, ó wojú mi. "Kánfọ̀?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé ẹ̀rọ kan ló ń ṣe é. Ọwọ́ ni. Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín gba inú ìwọ́ ọmọ tí kò tíì gbẹ tán, wọ́n fi síríńjì fa mílílítà mẹ́wàá jáde, wọ́n dà á nù, wọ́n fi mẹ́wàá tuntun sí i. Nọ́ọ̀sì kan ń kà á sókè, èkejì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́wàá jáde, mẹ́wàá wọlé, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lítà, ìyẹn ìlọ́po méjì gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ẹni tó ń ka oǹkà náà kà á láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ sábẹ́ iná búlúù, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ sì gba á.

Èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní G6PD jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: tirẹ̀ kò tó. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀, torí lẹ́yìn pípààrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọn ì bá máa yẹ̀ wò. G6PD jẹ́ èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kí àwọn kẹ́míkà kan má bàa bà á jẹ́. Láàárín àwa Yorùbá, bí ọkùnrin márùn-ún bá jókòó sídìí ayò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà tí tirẹ̀ kò tó. Á dàgbà, á fẹ́yàwó, á darúgbó láìmọ̀, torí kò ní wàhálà àfi tí nǹkan kan bá ko ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú: oògùn bíi primaquine, àwọn oògùn oní-sulpha kan, làálì tí wọ́n fi kun ọmọ lára. Àti kánfọ̀. Orúkọ kánfọ̀ la ń pè é, ṣùgbọ́n naphthalene ló sábà máa ń wà nínú bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2008.

Ọjọ́ Ajé, kí èsì yẹn tó dé, mo ti padà lọ bá Màmá. Mo ní kó jẹ́ ká jọ tú agbọ̀n ìwẹ̀. Ó kó o sílẹ̀ fún mi lórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pàtẹ.

Ọṣẹ ọmọdé kan, lọ́fínńdà inú rẹ̀ pọ̀, kò ní nǹkan mìíràn tó burú. Ọṣẹ dúdú nínú ewé. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó máa ń ta lára ọmọ ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣe èyí. Kànìnkànìn tuntun tó le bí ìgbálẹ̀. Ìgò apakòkòrò, irú èyí tí omi máa ń funfun bíi wàrà tí wọ́n bá dà á sí i. Màmá kì í fi ìdérí wọ̀n ọ́n, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Awọ ọmọ tuntun ò nílò rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ní kí wọ́n má wẹ ọmọ rárá títí wákàtí 24 á fi pé lẹ́yìn ìbí. Ìgò àdí àgbọn. Lẹ́yìn náà ni agolo àtíkè kan jáde, èyí tí àgbàlagbà ń fi para nígbà ooru, tó máa ń tutù lára bí ẹni pé omi yìnyín ni. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ojú fèrèsé kí n lè ka ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀. Menthol, ìyẹn ohun tó ń mú un tutù. Camphor, ìyẹn kánfọ̀ gidi.

"Màmá, ibo lẹ ń fi eléyìí sí lára ọmọ?"

"Ìwọ́ rẹ̀. Kó lè tètè gbẹ."

Ní 1980, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Olowe tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tuntun tí G6PD wọn kò tó tí wọ́n sì fi ohun tó ní menthol pa lára, àti ewu ibà pọ́njú tó wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Agolo yẹn ṣì wà nínú agbọ̀n.

Mo béèrè ibi tí oògùn ìwọ́ tí wọ́n fún wọn ní ilé ìwòsàn wà. Chlorhexidine ni, oògùn bí ọ̀rá tí wọ́n ń fi pa ìwọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí kò sì gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Ó wà nínú páálí rẹ̀, wọn ò tíì lò ó. Màmá ní òun já ìdérí rẹ̀ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún un dé. "Kò ní òórùn kankan, nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó ti bà jẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ló sì jẹ́ kí n kọ èyí. Nínú ilé wa, ohun tó mọ́ gbọ́dọ̀ ní òórùn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi apakòkòrò nù gbọ́dọ̀ ta wá nímú, aṣọ àpótí gbọ́dọ̀ rùn bíi kánfọ̀ kí àlejò tó gbà pé ẹni tó ni ín mọ ìtọ́jú, ọmọ tí wọ́n wẹ̀ gbọ́dọ̀ rùn bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀. Màmá ò fi ohun tó kà sí májèlé pa ọmọ lára. Ohun tó mọ̀ sí ìmọ́tótó jù lọ ló kó jọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ṣọ́ra jù nínú ilé yẹn ni àbúrò ìyá ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́. Òun ti kà lórí fóònù pé Johnson & Johnson ò ta àtíkè ọmọ tí wọ́n fi talc ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà mọ́ láti 2020, àti pé láti 2023 wọ́n ti dá a dúró káàkiri àgbáyé. Ó ti mọ̀ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ọṣẹ ìforí ọmọdé kan nítorí èròjà tó ń tú formaldehyde jáde, kí wọ́n tó yí i padà. Nítorí náà ó ti ju àtíkè talc nù kí wọ́n tó bímọ, owó ara rẹ̀ ló sì fi ra ọṣẹ ọmọdé yẹn. Mi ò fi í ṣẹ̀sín, ó ṣe dáadáa. Àgolo àtíkè tó tutù náà, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ojú ti já wa láti 2008, nígbà tí oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 nílẹ̀ yìí nítorí diethylene glycol tó wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ohun tí kò ní nọ́ńbà fún ọmọ. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sára agolo yẹn pé kí wọ́n dà á sí ìwọ́ ọmọ ọlọ́jọ́ méjì.

Àpótí ló kù. Àpótí onígi ni, ó ti pẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára okùn ìdí ìró Màmá. Nígbà tó ṣí i, mo fà sẹ́yìn. Aṣọ ọmọ ló kún inú rẹ̀: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, búlángẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ tò bíi tilé ìtajà. Ṣọ́ọ̀lù funfun tó wé ọmọ yẹn, òun gan-an ni wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí, ó fi ègé lééṣì di kánfọ̀ ní kókó-kókó. Mo tú ọ̀kan. Ọ̀rá òfìfo ló wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti tán.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé fún un. Mo ní, Màmá, ibo ni bọ́ọ̀lù yìí lọ? Kò yọ́, aṣọ ò tutù. Ó di atẹ́gùn, atẹ́gùn yẹn ló wọ inú aṣọ. Ọmọ á fà á símú, awọ ara rẹ̀ á sì tún mu ún. Omi ò rí naphthalene ṣe, ṣùgbọ́n òróró ń fà á mọ́ra. Ìgbà tí ẹ bá fi àdí pa ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀ tán tí ẹ wá wé e sínú ṣọ́ọ̀lù yìí, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ó gbọ́ mi tán. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní òun bí ọmọkùnrin kan ṣáájú ìyá ọmọ yìí. Ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ó sì lọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní àbíkú ni.

"Inú àpótí yìí náà ni mo ti kó aṣọ tirẹ̀."

Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wò nígbà náà, mi ò sì lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD. Mo rọra sọ ọ́, torí mo mọ ohun tí àwọn ará ilé ọkọ lè fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ kan ti ń béèrè ní wọ́ọ̀dù pé "ìdílé wo ló ti wá?" Bàbá ọmọ dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìdílé mi ni. Èmi ni mo bí i."

Tèmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń bá aboyún sọ̀rọ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ aṣọ ọmọ kí wọ́n tó lò ó. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ rí, mi ò sì dárúkọ kánfọ̀. Ìyá ọmọ yìí gbọ́ mi, ó fọ gbogbo aṣọ tuntun tó rà lọ́jà. Ṣọ́ọ̀lù àpótí ò wọ ìyẹn, ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ fọ́mọ, inú kí ló wà?"

Bilirubin sọ̀ kalẹ̀ sí 11 kó tó di Ọjọ́rú. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn dókítà ò tíì fẹ́ dá a sílẹ̀, nítorí náà inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n pa iná búlúù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n tú báńdéèjì kúrò lójú rẹ̀, bàbá àgbà sì pe orúkọ náà sí i létí. Kò sí oyin, kò sí iyọ̀, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ò gbà. Ó la ojú. Wọ́n ti fún wọn ní káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò sí, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e padà wá fún àyẹ̀wò etí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo yà kí wọn. Ọmọ ti ń fa ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Okùn ìsáṣọ lẹ́yìnkùlé kún láti òpó dé òpó, gbogbo ohun inú àpótí yẹn, àpótí náà sì wà lójú oòrùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Màmá já ṣọ́ọ̀lù funfun kúrò lórí okùn, ó nà án sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fọ̀ ọ́. Gbóòórùn ẹ̀ wò."

Mo fi sí imú. Mo ní, "Màmá, mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, àfi ọṣẹ."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sí imú tirẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi ṣì ń gbọ́ ọ," ó wí, ó sì tún fi kọ́ okùn.